Afẹ́fẹ́ Òkun, Ẹ̀rọ Amúlétutù àti Owó Ẹgbẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa ní Lẹkki àti Ajah

Láti ọwọ́ Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní A.C. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn mí, nítorí pé inú ìwé owó yíyá ni mo ti bá a pàdé.

Ní ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní agbègbè Ajah, mo rí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó yáwó ra ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n sì fún un ní ọdún mẹ́ta láti san owó náà. Ó san án déédéé fún oṣù 20, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí a pè é, ó ní, "Ọ̀gá, n kò sá fún gbèsè. Ẹ̀rọ náà ló ti kú. Ṣé kí n máa sanwó òkú ni?" Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ ni màmá àgbàlagbà kan tí ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹgbẹ́ ti di owó ìfipamọ́ màmá náà mú títí gbèsè yóò fi tán. Màmá dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ọmọ mi, abẹ̀bẹ̀ ni èmi ń lò nílé. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n wá san owó A.C."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun tó sì ya ẹni tó yáwó náà lẹ́nu jù ni pé, kí ó tó wá sí Èkó, Jos ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì lo irú ẹ̀rọ kan náà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láìsí ìjàngbọ̀n. Ó dá a lójú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun ní Èkó. A tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, a sì rí i pé kì í ṣe ayédèrú. Òkun ló jẹ ẹ́. Àwọn àgbà sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń fà símú lójoojúmọ́ ni kòkòrò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yé ara wa nìyí: ọjọ́ orí ẹ̀rọ amúlétutù wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ibi tí a gbé e sí, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ yá ni lówó bí ẹni pé Jos àti Ajah jẹ́ ibì kan náà.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe òtútù jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ alágbàṣe tí ń kó erùpẹ̀ jáde nínú ilé ni ó ń ṣe, àfi pé ooru ni ẹrù tirẹ̀. Apá tó wà nínú yàrá ń gba ooru inú yàrá sínú gáàsì kan tí ń sáré nínú ọ̀pá. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń ti gáàsì náà lọ sí apá tó wà níta. Níbẹ̀, gáàsì náà ń gba inú ọ̀pá bàbà kọjá, a sì ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, tín-ín-rín bí ewé ìwé, yí ọ̀pá náà ká. Ewé alumíníọ̀mù wọ̀nyí ń gba ooru lára bàbà, fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá láàárín wọn kí ooru náà lè bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Bí apá ìta kò bá rí ooru náà jù sínú afẹ́fẹ́, ẹrù yóò padà sórí kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Yóò máa ti gáàsì pẹ̀lú ipá, yóò máa gbóná, yóò máa jẹ iná, níkẹyìn yóò sì jó.

AFẸ́FẸ́ ORÍ ÒKÈ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Jos. Ìlú náà ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Lẹkki àti Ajah ní tiwọn, mítà díẹ̀ péré ni wọ́n fi ga ju òkun lọ, bí a ti ń rí i nígbà tí òjò bá rọ̀ tí omi kò mọ ibi tí yóò gbà.

Bí ènìyàn bá ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní ibi tó ga tó Jos, afẹ́fẹ́ tó kún agbọ̀n kan fúyẹ́ ju èyí tó kún irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ ní Ajah lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná: ní Ajah, omi ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ní Jos, nǹkan bí 96 ni ó ti ń hó, nítorí náà ẹ̀wà ń pẹ́ díẹ̀ lórí iná kí ó tó rọ̀.

Kí ni èyí ń ṣe fún ẹ̀rọ amúlétutù? Fáànù rẹ̀ ń yí bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ fúyẹ́, kò sì lè ru ooru tó bí ó ti yẹ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣírò gíga ìlú mọ́ ọn kí wọ́n tó yan ẹ̀rọ, pàápàá ní ibi tó ga gan-an bí Addis Ababa ní Ẹtiópíà, tí ó ga ju 2,300 mítà lọ. Bí a bá wò ó báyìí, a ó ní Jos ló yẹ kí ẹ̀rọ ti máa jìyà.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ló gba ẹ̀rọ là ní Jos. Èkíní, orí òkè tutù. Ní gbogbogbòò, bí a bá gun òkè tó 1,000 mítà, ooru afẹ́fẹ́ a máa dín ní nǹkan bí 6 tàbí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó ń rí àyè sinmi. Èkejì, Jos jìnnà réré sí òkun. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gbé iyọ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún ni ó sì ń gbẹ. Eruku ọyẹ́ nìkan ni ọ̀tá ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé eruku kì í jẹ irin bí iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́. Bí a bá fọ̀ ọ́, ó tán.

Kí n tó kúrò ní Jos, mo ní ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá kó ẹ̀rọ rẹ̀ láti orí òkè wá sí Èkó. Oníṣẹ́ kan lè sọ fún yín pé gáàsì tí wọ́n fi sí i ní Jos kò bá Èkó mu, kí ẹ san owó kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà. Inú ọ̀pá tí a dí pa ni gáàsì náà wà, kò mọ̀ bóyá orí òkè ni òun wà tàbí etí òkun. Òótọ́ ni pé aago tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé gáàsì dín. Bí gáàsì bá dín, ọ̀pá ló ń jò níbì kan, ibi tó ń jò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

IYỌ̀ TÍ Ó Ń FÒ

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ilẹ̀ Lẹkki jẹ́ ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín omi méjì: òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Nígbà tí ìgbì òkun bá fọ́ sí etíkun, ó ń ta omi sókè ní ẹ̀kán tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ń gbé ẹ̀kán wọ̀nyí, omi inú wọn ń gbẹ, iyọ̀ ibẹ̀ sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti ojú òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ Èkó. Ilé tó wà ní Okun-Ajah, tí kò jìnnà sí etíkun, ń gba èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó wà lápá ọ̀sà, bíi Badore àti Langbasa, ń gba èyí tó kéré sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò gbà rárá.

Iyọ̀ gbígbẹ nìkan kì í tètè ba nǹkan jẹ́. Ẹ rántí iyọ̀ tí ìyàwó ilé gbàgbé sínú àwo tí kò ní ọmọrí ní ìgbà òjò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ náà ti sọ omi. Kò sí ẹni tó bu omi sí i, inú afẹ́fẹ́ ló ti fa omi. Bí omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 75 nínú 100 gbogbo èyí tí afẹ́fẹ́ náà lè gbé, iyọ̀ yóò máa fà á mọ́ra títí yóò fi yọ́. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ òru àti òwúrọ̀ ló ń kọjá ìwọ̀n yìí. Nítorí náà, iyọ̀ tó bà lé ẹ̀rọ yín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Omi iyọ̀ ni ó wà lára ẹ̀rọ náà ní gbogbo òru.

Ibí ni ewu wà. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, wọ́n ti di bátìrì. Iná kékeré kan yóò máa sáré láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni ó sì ń fi ara rẹ̀ san owó iná náà. Yóò máa di ìyẹ̀fun funfun, yóò máa rún, títí àwọn ewé tín-ín-rín wọ̀nyẹn yóò fi já kúrò lára ọ̀pá bàbà. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọn yóò rún bí àkàrà tó gbẹ. Láti ìgbà náà, ooru kò ní ọ̀nà àbájáde mọ́. Ohun tí a rí lẹ́yìn ẹ̀rọ ọmọ ẹgbẹ́ wa gan-an nìyẹn. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ tó jó, òun ló jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

ẸRÙ KEJÌ: OMI INÚ AFẸ́FẸ́

Yàtọ̀ sí iyọ̀, ẹ̀rọ ní Lẹkki ń ru ẹrù mìíràn tí ti Jos kì í ru tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo omi tí ń kán láti ẹnu ọ̀pá ẹ̀rọ yín. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ẹ̀rọ ti fún omi náà jáde. Láti rí omi líta kan báyìí, ooru tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí iná ń lò láti mú kí líta omi gbígbóná kan gbẹ tán nínú ìkòkò. Nítorí náà, bí garawa bá kún, kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ń rí ìṣòro nítorí pé ọ̀rinrin ń mú kí ìwé wọn fẹ̀ kí ó sì tún sún kì, tí àwọ̀ oríṣiríṣi kò fi bọ́ sí ojú kan náà. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan, Willis Carrier, ló ṣètò ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ìtura ènìyàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹ̀rọ tó tóbi jù fún yàrá kì í ṣe ọlá. Yóò mú yàrá tutù kíákíá, yóò sì dákẹ́ kí ó tó rí àyè fa omi inú afẹ́fẹ́ tán. Yàrá yóò tutù ṣùgbọ́n yóò rin, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa bu. Ẹ ra èyí tó bá yàrá yín mu.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kò sí ẹni tó lè ní kí òkun má fẹ́ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n a lè fi ọgbọ́n dín ọṣẹ́ rẹ̀ kù.

1. Ẹ má ṣe gbé apá ìta kọ́ sí ògiri tó kọjú sí òkun bí ẹ bá lè rí ògiri mìíràn. Ẹ fi ilé ṣe ààbò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má há a mọ́ kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ti ní rí ọ̀nà jáde.

2. Ẹ máa fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ ṣan apá ìta, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí ilé yín bá sún mọ́ òkun. Ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ da omi náà pẹ̀lẹ́, kí ewé alumíníọ̀mù má baà tẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ, ásíìdì tàbí omi tí a fi ń bó aṣọ sí i.

3. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi náà wò! Omi kànga àti bọ́ọ̀họ̀lù mìíràn ní agbègbè wa ní iyọ̀ nínú. Ẹni tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ ẹ̀rọ, iyọ̀ ló fi ń fọ iyọ̀. Omi òjò tí a gbè dára jù ú lọ.

4. Bí apá ìta bá wà lábẹ́ òrùlé tí òjò kì í dé, ẹ má rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Òjò a máa bá wa ṣan iyọ̀ dànù. Èyí tí òjò kì í kàn ló nílò omi ọwọ́ wa jù.

5. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi ohun ààbò kun ewé alumíníọ̀mù rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ òkun, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi í hàn yín nínú ìwé rẹ̀. Àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ wúrà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà lásán kùn ún fún yín, nítorí yóò dí ọ̀nà ooru.

6. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Ẹ kò mọ afẹ́fẹ́ tó ti jẹ ẹ́ kí ó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ló sì ń lo gáàsì R22, èyí tí ayé ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987. Gáàsì kan kò sì ṣeé rọ́pò òmíràn bó ṣe wuni.

OWÓ IÑÁ ÀTI OWÓ ẸGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele A sí ₦225 fún yúnìtì kan. Iye náà lè yí padà nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ̀rọ kan ń jẹ yúnìtì 1.2 ní wákàtí kan tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá mọ́, tí ó ń fi ìdajì wákàtí mẹ́jọ òru sinmi, yúnìtì 4.8 ni yóò jẹ, ìyẹn ₦1,080. Bí iyọ̀ bá ti dí i, tí kò sì lè sinmi mọ́, yúnìtì 9.6 ni, ìyẹn ₦2,160. Ní ọgbọ̀n òru, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦32,400. Garawa omi díẹ̀ lóṣù ló lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó yíyá. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935 ni a ti ń kọ́ ara wa pé kí a béèrè ohun tí ẹni tó ń yáwó fẹ́ fi owó ṣe. Mo ń fẹ́ kí a fi ìbéèrè kan kún un: ohun tí ó fẹ́ rà yìí, ọdún mélòó ni yóò lò níbi tí ó fẹ́ gbé e sí?

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦450,000 láti fi oṣù 36 san án. ₦12,500 ni yóò máa san lóṣù, láì tíì ka èlé. Bí ẹ̀rọ náà bá kú ní oṣù 20, ó ti san ₦250,000, ó sì ku ₦200,000 lórí ohun tí kò sí mọ́. Bí ó bá jẹ́ oṣù 18 ni wọ́n fún un, ₦25,000 ni yóò máa san lóṣù, gbèsè náà ìbá sì ti tán kí ẹ̀rọ tó kú. Bí ₦25,000 bá wúwo jù fún un, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí ó ra èyí tó kéré sí i, tàbí kí ó fi owó pamọ́ sí i kí ó tó yá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún àwọn ẹgbẹ́ wa ní Lẹkki àti Ajah ni èyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ẹ̀rọ amúlétutù pẹ́ ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń yáwó mú ìwé ẹ̀rọ náà wá, kí ẹ sì kọ ibi tí yóò gbé apá ìta sí sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ sì ṣàlàyé fún onídùúró kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ń dúró fún ọmọlàkejì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí a fẹ́ rà lè wà láàyè títí gbèsè yóò fi tán.

Ní ti ẹgbẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí rẹ̀, a kò fi gbèsè jì í. Ẹni tó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn tí ń retí kí owó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n a jókòó, a gbọ́ ara wa yé, a pín ìyókù sí wẹ́wẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Ó gbà láti máa san án, ẹgbẹ́ sì gbà pé bí ó ti ń san án ni kí wọ́n máa tú owó màmá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá dúpẹ́, ó sì yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá tún fẹ́ ra òmíràn, kọ́kọ́ wá pè mí kí n wá tọ́ omi kànga rẹ wò."

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ màmá ti tó. Ẹ fọ ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì fi ojú afẹ́fẹ́ àdúgbò yín wo ohun tí ẹ bá fẹ́ yáwó rà. Ire o.